Ìbọn Ọlọ́ta-Wẹ́wẹ́ Inú Àwòrán Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ ni ìbọn tí inú ọ̀pá rẹ̀ dán, tí katiríìjì rẹ̀ sì kún fún ọta kéékèèké tí í fọ́n ká bí wọ́n bá ti jáde lẹ́nu ìbọn. Òun ni ọdẹ fi ń pa ohun tó ń fò àti ohun tó ń sáré: pẹ́pẹ́yẹ igbó, àparò, ehoro. Ní Amẹ́ríkà, òun ló kún èèpo àti ojú ìwé àwọn magasíìnì ọdẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Forest and Stream bẹ̀rẹ̀ ní 1873, Sports Afield ní 1887, Field and Stream ní 1895, Outdoor Life ní 1898. Ẹni tó bá ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, tàbí tó jogún fọ́tò ìdílé níbi tí ọkùnrin kan ti dúró ti ajá rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ní èjìká, ní ẹ̀rí tó ṣeé kà lọ́wọ́. Ìrísí ìbọn náà lè sọ ìgbà tí wọ́n ya àwòrán, ilẹ̀ tí ìbọn ti wá, nígbà mìíràn bí ọwọ́ ẹni tó ni ín ṣe tó.

Òfin kan wà tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ta irú ìbọn kan ni ààlà ẹ̀yìn fún àwòrán tí ìbọn náà wà nínú rẹ̀, nítorí àwòrán kò lè dàgbà ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ààlà níwájú. Ìbọn tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa a máa ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, a sì tún bọ́ sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ. Bí a bá rí Winchester Model 12 nínú fọ́tò, a mọ̀ pé fọ́tò náà kò ṣáájú 1912. Kò túmọ̀ sí pé 1912 ni wọ́n yà á. Ó lè jẹ́ 1955. Ẹni tó bá gbàgbé òfin yìí yóò máa fi ọdún èké sábẹ́ àwòrán, bó ti wù kó mọ ìbọn tó.

Ṣé ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ ni lóòótọ́?

Kí a tó wá orúkọ, kí a kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ráífù. Ẹnu ìbọn ni a ń wò. Ọ̀pá ráífù nípọn, ihò rẹ̀ sì kéré. Ọ̀pá ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ fẹ́lẹ́, ihò rẹ̀ sì gbòòrò. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n ihò náà, bí nọ́ńbà bá sì ṣe kéré tó ni ihò ń tóbi tó. Nọ́ńbà 12, tó wọ́pọ̀ jù, fẹ̀ tó mìlímítà 18.5, nọ́ńbà 20 jẹ́ 15.6, nọ́ńbà 10, tí àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ayé àtijọ́ fẹ́ràn, sún mọ́ 19.7. Lẹ́yìn ẹnu, irin tí a fi ń fojú sun ẹran ló kàn. Ráífù ní méjì, ọ̀kan lẹ́nu, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ sábà máa ń ní ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan péré lẹ́nu, nítorí ẹni tó ń yìnbọn sí ẹyẹ tó ń fò kò ráyè to irin méjì jọ.

Ibi tí àṣìṣe ti rọrùn jù ni ráífù kékeré onípọ́ǹpù, Winchester Model 1890, tó ń yin ọta .22. Òòlù rẹ̀ wà níta, ó ní igi tí a ń fà síwá-sẹ́yìn lábẹ́ ọ̀pá, nítorí náà ó jọ ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ onípọ́ǹpù ti Winchester tó dé ní 1897. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ti 1890 tín-ínrín, ó ní igun mẹ́jọ, irin ìfojúsùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú fọ́tò tí ọmọdé bá ti dì í mú, ká tún ṣọ́ra: ìbọn kékeré lọ́wọ́ ọmọdé máa ń dà bí ńlá.

Fọ́tò tó gbé ọ̀tún sí òsì

Ohun kejì tí a gbọ́dọ̀ yanjú kí a tó wo ìbọn fúnra rẹ̀ ni bóyá àwòrán náà dúró bó ṣe yẹ. Fọ́tò orí irin pẹlẹbẹ, tí wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1856, kò ní fíìmù tí wọ́n ń tẹ ẹ̀dà lára rẹ̀. Irin tó wà nínú kámẹ́rà gan-an ni oníbàárà ń mú lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá wà lórí rẹ̀ máa ń yí padà bí ti inú dígí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì fọ́, nítorí náà àwọn sójà, darandaran àti ọdẹ yà á lọ́pọ̀lọpọ̀.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni fọ́tò Billy the Kid, ọ̀daràn ọ̀dọ́ tí wọ́n yà ní Fort Sumner, ní New Mexico, ní nǹkan bí ọdún 1880. Ní 2011, wọ́n ta irin kékeré yẹn ní gbàǹjo ní Denver ní mílíọ̀nù 2.3 dọ́là. Nínú rẹ̀, ìbọn pélébé rẹ̀ wà ní ìbàdí òsì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn gbà pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Fíìmù kan tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 1958 tilẹ̀ ń jẹ́ The Left Handed Gun. Ráífù tó fi ọwọ́ kejì dì mú ló tú àṣírí. Winchester 1873 ni, apá ọ̀tún àpótí rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kékeré tí a ń gbà ki ọta sínú máa ń wà, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò náà apá òsì ni ó hàn sí. Winchester kò ṣe ráífù 1873 bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ló yí padà, ọwọ́ ọmọkùnrin náà kò yí. Ìbọn ni ẹ̀rí tó tọ́ ìtàn ẹ̀dá kan sọ́nà.

Ọgbọ́n kan náà ló wúlò fún ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́. Nínú ìbọn tó ń yìn lọ́pọ̀ ìgbà, ihò tí katiríìjì òfo ń gbà fò jáde sábà máa ń wà ní apá ọ̀tún, àyàfi àwọn díẹ̀ tí a ó dárúkọ níwájú. Nínú ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ọwọ́ irin tó wà lórí máa ń yí sí ọ̀tún láti ṣí i. Bí ìbọn kò bá sọ nǹkan kan, kí a wo aṣọ: kóòtù ọkùnrin máa ń fi apá òsì bo apá ọ̀tún. Àwọn olóòtú magasíìnì náà a máa yí àwòrán padà kí ẹni inú rẹ̀ lè kọjú sí àárín ìwé, nítorí náà kì í ṣe fọ́tò orí irin nìkan ni a ó máa yẹ̀ wò.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì

Bí ọ̀pá tín-ínrín kan bá sùn sábẹ́ ọ̀pá ìbọn, ìbọn àtẹnukì ni. Ọ̀pá tín-ínrín yẹn ni wọ́n fi ń ti ẹ̀tù àti ọta wọlé. Ẹni tó ti rí ṣakabùlà lọ́wọ́ ọdẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ti mọ irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni júwe rẹ̀, nítorí láti Birmingham àti Liège ni irú ìbọn àtẹnukì bẹ́ẹ̀ ti ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí ọjà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí òòlù rẹ̀ bá di òkúta ìṣáná mú, tí àwo kékeré sì wà níwájú rẹ̀ fún ẹ̀tù, irú rẹ̀ ti dàgbà gan-an. Bí òòlù náà bá ń bọ́ sórí irin ṣóńṣó kan tí wọ́n ń fi fìlà ẹ̀tù dé, irú tó tẹ̀lé e ni.

Láàárín àtẹnukì àti ìbọn òde òní, irú kan wà tí ènìyàn sábà máa ń fò kọjá. Casimir Lefaucheux ní Paris, ní àwọn ọdún 1830, ṣe ìbọn tó ń ṣẹ́ láàárín láti gba katiríìjì. Katiríìjì rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kan tó yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́, òòlù sì ń lu abẹ́rẹ́ náà láti òkè. Nínú àwòrán tó mọ́, a ó rí ihò kékeré lórí ẹ̀yìn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, àwọn òòlù rẹ̀ sì ga. Bí a bá rí i nínú àwòrán ọdẹ Faransé tàbí Ìlú Ọba ti àwọn ọdún 1850 àti 1860, kò yẹ kó yani lẹ́nu.

Bí ìbọn ṣe ń ṣí náà ní ọjọ́ orí. Ọwọ́ irin tó wà lábẹ́, tó ká yípo ààbò tírígà, ló kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Èyí tó wà lórí, tí àtàǹpàkò ń tì sí ọ̀tún, wá láti àwọn ọdún 1860, òun ló sì borí títí di òní. Nítorí náà ọwọ́ irin ìsàlẹ̀ lára ìbọn olóòlù méjì jẹ́ àmì pé ìbọn náà ti pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń ṣe é nígbà tí tòkè ti gbòde.

Ìyípadà tó rọrùn jù láti rí ni ti òòlù tó wọ inú lọ. William Anson àti John Deeley, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Westley Richards ní Birmingham, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1875 fún ẹ̀rọ tí òòlù rẹ̀ pamọ́ sínú àpótí irin, tí ṣíṣí ìbọn fúnra rẹ̀ sì ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Parker ní Meriden, Connecticut, bẹ̀rẹ̀ sí ta tirẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1880. Láti ìgbà náà, ìbọn tí ẹ̀yìn rẹ̀ dán, tí kò sí ohun tó yọ sókè níbi tí ọ̀pá ti pàdé igi, ló ń wọlé sí àwòrán. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òòlù ìta pe fọ́tò ní àtijọ́ láìwo ohun mìíràn. Ọba George Karùn-ún ti Ìlú Ọba, tó wàjà ní 1936, kò fi ìbọn Purdey olóòlù rẹ̀ sílẹ̀ títí ayé rẹ̀ fi parí. Bí ọba tó lówó láti ra èyíkéyìí bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa àgbẹ̀ tó ń lo ìbọn bàbá rẹ̀ ní Missouri?

Láàárín àwọn aláìlóòlù, ẹ̀gbẹ́ ìbọn ni a fi ń yà wọ́n. Irú kan kó gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpótí kúkúrú kan, igi ìdí sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Irú bẹ́ẹ̀ ni Parker àti A. H. Fox ti Philadelphia. Irú kejì ní abala irin gígùn tó nà wọnú igi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ sì so mọ́ ẹ̀yìn abala náà. Báyìí ni L. C. Smith rí, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Fulton, New York, báyìí náà sì ni Purdey àti ọ̀pọ̀ ìbọn olówó iyebíye ti London. Lefever, ti Syracuse, ní abala ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà àwòrán nìkan kò tó láti yà á kúrò lára L. C. Smith àyàfi bí ó bá mọ́ kedere. Theodore Roosevelt mú Fox kan lọ sí Áfíríkà ní 1909, àwọn ènìyàn sì ti ń wá ìbọn yẹn nínú gbogbo fọ́tò ìrìn àjò náà láti ìgbà yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ráífù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbọn tí ọ̀pá kan gun èkejì lórí yàtọ̀. Iléeṣẹ́ Boss ní London ti ṣe tirẹ̀ ní 1909, ṣùgbọ́n ti olówó ńlá ni. Èyí tó sọ irú rẹ̀ di ohun tí ọdẹ Amẹ́ríkà ń rí ní ṣọ́ọ̀bù ni Browning Superposed, tí iléeṣẹ́ FN ń ṣe ní Herstal, Bẹ́ljíọ̀mù, tó sì dé ọjà ní 1931.

Ìṣòro tó wà nínú wíwo ẹlẹ́nu méjì ni pé bí wọ́n bá yà á láti ẹ̀gbẹ́ tààrà, ọ̀pá kan á bo èkejì, a ó sì rò pé ẹlẹ́nu kan ni. Kí a wo ìsàlẹ̀ nígbà náà. Bí tírígà méjì bá wà nínú ààbò, ẹlẹ́nu méjì ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, kò tíì dájú, nítorí wọ́n ṣe ẹlẹ́nu méjì onítírígà kan pẹ̀lú.

Onípọ́ǹpù àti ọlọ́wọ́ irin

Ìsọ̀rí yìí ló dùn ún kà jù nínú àwòrán Amẹ́ríkà, nítorí ìrísí wọn yàtọ̀ síra gan-an, ọdún wọn sì mọ́. Christopher Spencer ló ṣe onípọ́ǹpù àkọ́kọ́ tó rí ọjà, ní 1882. Winchester kò tíì fẹ́ pọ́ǹpù nígbà náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ John Browning, ẹni tó ń hùmọ̀ ìbọn, ni ìbọn ọlọ́wọ́ irin tó jọ ráífù wọn, ó sì fún wọn ní Model 1887. Àpótí rẹ̀ ga, ó yípo lẹ́yìn, ọwọ́ irin rẹ̀ sì ká sísàlẹ̀ bí ti ráífù Winchester. Kò sí ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ mìíràn tó gbajúmọ̀ ní àsìkò yẹn tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é títí di 1901, wọ́n sì tún un ṣe fún nọ́ńbà 10 nìkan títí di 1920.

Model 1897 ni ọba wọn. Browning ló ṣe é pẹ̀lú, wọ́n sì tà á láti 1897 títí di 1957, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Òòlù rẹ̀ wà níta lẹ́yìn àpótí. Túùbù katiríìjì sùn sábẹ́ ọ̀pá láìdé ẹnu. Igi ìdìmú rẹ̀ kúrú, ó rí róbótó, ìlà sì yí i ká. Àmì tó dára jù wà nínú fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí ọdẹ ń fa pọ́ǹpù: irin gígùn kan yóò ti yọ jáde lẹ́yìn àpótí, lórí ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Model 12 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn sójà Amẹ́ríkà gbé 1897 kúkúrú lọ sí Faransé, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 20, irin oníhò bo ọ̀pá náà kí ó má baà jó ọwọ́, ibi tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ìbọn sí sì wà lẹ́nu. Jámánì kọ̀wé ẹ̀hónú nítorí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1918. Fún ẹni tó ń ka fọ́tò, ihò ara irin yẹn ló ṣe pàtàkì: ti àkókò ogun kìíní ní ìlà ihò mẹ́fà, àwọn tí wọ́n ṣe láti 1942 sì ní mẹ́rin. Bí ìlà bá jẹ́ mẹ́rin, fọ́tò náà kì í ṣe ti 1918, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sábẹ́ rẹ̀.

Model 12 dé ní 1912. Ẹ̀yìn àpótí rẹ̀ rọra sọ̀kalẹ̀ wọ igi ìdí, kò sí òòlù, ó sì dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ló fara jọ ọ́. Stevens Model 520, tí Browning ṣe, tó sì dé ọjà ní 1909, ní òkè méjì lẹ́yìn àpótí rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Remington Model 31, ti 1931, ló ṣòro jù láti yà kúrò lára Model 12. Nínú àwòrán kékeré, kí a má ṣe gbìyànjú.

Àwọn tí a ní a ó dárúkọ rèé: Remington Model 10, ti 1908, Model 17, àti Ithaca Model 37, ti 1937. Ìsàlẹ̀ ni katiríìjì òfo ti ń bọ́ jáde lára wọn, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ àpótí wọn méjèèjì dán láìsí ihò. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó dán lára onípọ́ǹpù jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Ẹ̀gbẹ́ òsì tó dán kì í ṣe ẹ̀rí rárá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí ní òsì. Kí ẹni tó ń wo fọ́tò kọ́kọ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń wò, kí ó sì ti dá a lójú pé fọ́tò náà kò yí padà.

Abuké

Ìbọn tó ń gbé katiríìjì ara rẹ̀ wọlé láìsí pé ọwọ́ fa nǹkan kan jẹ́ iṣẹ́ Browning bákan náà. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1900, Winchester kò gbà láti san owó tó béèrè, ó sì gbé e lọ sí FN ní Bẹ́ljíọ̀mù, tó bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní nǹkan bí 1903. Lẹ́yìn náà, Remington bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tirẹ̀ ní 1905 pẹ̀lú àṣẹ Browning, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Model 11. Òkè àpótí rẹ̀ lọ tààrà sẹ́yìn ní ìpele kan náà, ó wá já lulẹ̀ lójijì níbi tó ti pàdé igi. Abuké ni àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń pè é. Kò sí ìrísí tó rọrùn láti dá mọ̀ jù ú lọ. Àní nínú àwòrán tó ṣókùnkùn, tí ọdẹ jẹ́ òjìji nìkan lójú ọ̀run àárọ̀, ẹ̀yìn ìbọn yẹn á hàn.

Yíya Browning kúrò lára Remington ni iṣẹ́ tó gba sùúrù. Browning ti Bẹ́ljíọ̀mù ní irin kékeré kan ní apá òsì àpótí tó ń dá katiríìjì dúró nínú túùbù. Remington Model 11 kò ní i. Bí apá ọ̀tún nìkan bá hàn, kí a kọ "Browning tàbí Remington", kí a sì dúró síbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn náà ṣe abuké nígbà tí ìwé ẹ̀tọ́ ti parí.

Winchester, tó ti pàdánù iṣẹ́ náà, ní láti wá ọ̀nà tirẹ̀. T. C. Johnson ṣe Model 1911 fún wọn láìlo ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ tí Browning ti gba ẹ̀tọ́ lé lórí. Ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fà sẹ́yìn láti gbé katiríìjì wọlé, nítorí náà wọ́n ha apá kan ọ̀pá náà kí ọwọ́ má baà yọ̀. Ibi híha yẹn níwájú igi ìdìmú, pẹ̀lú àìsí ọwọ́ irin ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ni àmì rẹ̀. Ìbọn eléwu ni: àwọn kan gbé ìdí rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ọ̀pá mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí wọn, ó sì pa nínú wọn.

Ohun tó bá so mọ́ ẹnu ìbọn náà ní ọjọ́ orí. Irin tó wú, tó ní ihò gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́, ni Cutts Compensator, tí iléeṣẹ́ Lyman ń tà láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1920. Bí ó bá wà lára Model 1897, ìbọn lè jẹ́ ti 1900, ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ ayàwòrán àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Fọ́tò lè yí ọ̀tún padà, ṣùgbọ́n kì í dá irin tí kò sí sílẹ̀. Ayàwòrán lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ya àwòrán náà fún. Èyí tí iléeṣẹ́ ìbọn san owó rẹ̀, fún ìpolówó tàbí kàlẹ́ńdà, ló ṣeé gbára lé jù, nítorí ọjà wọn ni wọ́n fẹ́ kí ènìyàn rí. Ojú ìwé ìpolówó inú magasíìnì kan náà sì ni ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí a wá ìbọn tó wà lórí èèpo rẹ̀. A. B. Frost, tí ìwé àwòrán ìṣọdẹ rẹ̀ jáde ní 1895, jẹ́ ọdẹ fúnra rẹ̀, ó sì hàn nínú bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń di ìbọn mú. Philip R. Goodwin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán Howard Pyle, ya iṣẹ́ fún Winchester pẹ̀lú. Ayàwòrán tó jẹ́ pé ẹyẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ lè ya ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan kó péye, kó sì fi ìlà méjì ṣe ìbọn.

Àwòrán Winslow Homer tó ń jẹ́ Right and Left, tó yà ní 1909, tó wà ní National Gallery of Art ní Washington, fi bí ẹ̀rí ṣe ń tín-ín-rín hàn. Pẹ́pẹ́yẹ igbó méjì ló gba ojú àwòrán náà, ọ̀kan ń dorí kodò, èkejì ń nà sókè. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, láàárín ìgbì, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà, iná pupa kékeré àti èéfín sì ń jáde lẹ́nu ìbọn. Àkọlé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ fún kí ènìyàn fi ọ̀pá ọ̀tún pa ẹyẹ kan, kí ó fi ti òsì pa èkejì. Àkọlé ló sọ pé ẹlẹ́nu méjì ni; ìbọn kò sọ ọ́, nítorí kò hàn tó. Ẹni tó bá dárúkọ iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ ń sọ ohun tí Homer kò yà.

Bí wọ́n ṣe tẹ àwòrán náà ní ààlà tirẹ̀. Títí di àwọn ọdún 1880, igi gbígbẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán sínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó gbẹ́ igi náà lè má mọ ìbọn, bí fọ́tò tó ń wò bá tilẹ̀ péye. Lẹ́yìn náà ni títẹ fọ́tò pẹ̀lú àmì tótòtó dé. New York Daily Graphic tẹ ọ̀kan ní oṣù kẹta 1880. Àwọn àmì tótòtó yẹn ni òpin ohun tí a lè rí. Kí a fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí hàn, kí a sì dúró níbẹ̀. Fífẹ̀ ẹ́ sí i lórí kọ̀ǹpútà kò ní mú òòlù jáde níbi tí àmì méjì péré bá wà.

Gígùn àti àyíká

A lè fi ìbọn wọn ara rẹ̀. Láti tírígà dé òpin ìdí ìbọn sábà máa ń tó ínǹṣì 14. Bí ọ̀pá bá jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn, ínǹṣì 28 ni. Bí ó bá lé díẹ̀, 30 tàbí 32, gígùn tí àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ àyàfi bí ìbọn bá wà ní ìbú sí ojú kámẹ́rà. Bí ẹnu rẹ̀ bá kọjú síwájú díẹ̀, gígùn rẹ̀ á ti yí padà.

Ohun tó yí ìbọn ká náà lè fún wa ní ààlà iwájú tí ìbọn kò lè fún wa. Láti 1935, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka lílo pẹ́pẹ́yẹ ààyè láti tan ẹyẹ igbó jẹ léèwọ̀. Fọ́tò níbi tí pẹ́pẹ́yẹ ààyè ti so mọ́lẹ̀ níwájú ọdẹ, tí ọdẹ náà kò sì ń fi ara pamọ́ fún kámẹ́rà, ṣeé ṣe kó ṣáájú ọdún náà. Bí abuké bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà rẹ̀ ti há sáàárín nǹkan bí 1903 sí 1935.

Orúkọ iléeṣẹ́ ni ó yẹ kó gbẹ̀yìn. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àìmọye ìbọn ẹlẹ́nu méjì olówó pọ́ọ́kú wọ Amẹ́ríkà láti Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn mìíràn sì ti iléeṣẹ́ Crescent ní Norwich, Connecticut, wá. Orúkọ tí oníṣòwò bá fẹ́ ni wọ́n ń kọ sí wọn lára. Ìwé ọjà iléeṣẹ́ Sears ti 1897, 1902 àti 1908, tí wọ́n ti tún tẹ̀ jáde, fi irú wọn hàn ní ojú ìwé púpọ̀. Ìbọn kan náà lè jẹ́ orúkọ mẹ́wàá. Fún ẹlẹ́nu méjì olóòlù lọ́wọ́ àgbẹ̀ nínú fọ́tò tí kò mọ́, àkọlé tó tọ́ ni "ìbọn ẹlẹ́nu méjì olóòlù, ọwọ́ irin lórí, kò ṣáájú àwọn ọdún 1860". Kíkọ "Parker" sábẹ́ rẹ̀ nítorí pé Parker lókìkí jẹ́ irọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣì kù sọ́dọ̀ àwọn tí magasíìnì wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ń gé èèpo kúrò láti fi sínú férémù, wọ́n sì ń ju ìyókù nù. Oṣù àti ọdún tó wà nínú ìwé, orúkọ ayàwòrán tó sábà máa ń wà ní ojú ìwé àkóónú, àti ìpolówó ìbọn tó wà lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ sínú ààtàn. Kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ìwé náà sílẹ̀ lódindi.